Sí Títílayọ̀, Nípa Ọkọ̀ Tí Wọn Kò Tíì Ṣe

Apo, Àbújá
Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ọsàn, ó sì ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà sí ọmọ tí a jọ ń gbé ìlú kan náà. Mo ní bí mo bá sọ ọ́ lẹ́nu, o ó ti dá mi lóhùn kí n tó débi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìwé kì í jẹ́ kí a já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu. Àti pé mo fẹ́ kí o ka èyí ní Yorùbá. Mo mọ̀ pé o ó máa kà á sókè kí etí rẹ lè ran ojú rẹ lọ́wọ́. Kò burú. Rọra máa kà á, mi ò sì ní bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ bí olùkọ́.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ tuntun yìí, mi ò ní purọ́. Láti ìgbà tí o ti ń jókòó sẹ́yìn mọ́tò wa, tí o ń pe orúkọ gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá ní títì Garki, ni mo ti mọ̀ pé báńkì kò ní lè dá ọ dúró pẹ́. Nísinsìnyí o ti bọ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀, wọ́n sì ní iṣẹ́ tìrẹ ni kí o máa sọ fún àwọn oníbàárà ohun tó ń bọ̀ lọ́nà. Bàbá rẹ ní ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kó máa sọ̀rọ̀ mọ́tò láti àárọ̀ dé alẹ́, kí ó má tún bẹ Ọlọ́run fún nǹkan mìíràn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí o gbà yìí, òdìkejì iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi ṣe ni. Akọ̀wé ìpàdé ni mí nílé iṣẹ́ ìjọba. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni mo ń kọ; ìwọ, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni o fẹ́ máa kọ. Bí ọ̀nà méjèèjì ti jìnnà síra tó, ohun kan náà ló ń gbé ẹni ṣubú lórí wọn. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rí ní Sátidé tó kọjá.

Bàbá Ṣẹ̀gun wá kí wa. O mọ̀ pé tí ó bá ti ń bọ̀, a máa ń gbọ́ ìró mọ́tò rẹ̀ láti orí kọ́nà. Lọ́jọ́ náà, a ò gbọ́ nǹkan kan. Takisí ló gbé e wá. Mo dé ẹnu géètì, mo bá dẹ́rẹ́bà tó ń dì í lápá mú, tó ń fi Haúsá kí i pẹ̀lẹ́, "Sànnu, Bàbá, sànnu," Bàbá Ṣẹ̀gun sì ń já apá rẹ̀ gbà.

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Mi ò tíì darúgbó. Ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ ni kò ṣí tán."

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mọ́tò yín ńkọ́?"

"Mo ti tà á. Ọmọ àbúrò mi ló rà á, ó ti gbé e lọ sí Ìwó."

"Ẹ tà á kẹ̀? Kí lẹ wá ń gùn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Sùúrù ni mò ń gùn, Ìyá Títí. Ìyàwó mi ní kí n ní sùúrù."

Ìwọ ni ìyàwó rẹ̀ tó ń wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ ló ti ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì tíì kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ó jókòó, ó bọ́ fìlà, ó yọ fóònù, ó sì fi àwòrán ojú fóònù náà hàn mí: mọ́tò onílẹ̀kùn mẹ́rin, aláwọ̀ eérú, tó tẹ́jú sílẹ̀ bí ọ̀nì létí odò. Ó ní, "Wò ó. Ẹ́ńjìnnì epo níwájú, bátìrì iná lábẹ́. Tó bá dé, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ ní títì pápákọ̀ òfuurufú, ẹ̀yin ará Apo á gbọ́." Ó tún wo àwòrán náà. "Àbí ẹ ò ní gbọ́ pàápàá. Wọ́n ní iná kì í pariwo."

Mo bi í léèrè oko Ushafa. O mọ̀ pé kò sí Sátidé tí kì í wakọ̀ lọ síbẹ̀ lọ wo ewébẹ̀ àti iṣu rẹ̀, tí yóò sì yà lọ́dọ̀ àwọn amọ̀kòkò kó lọ bá wọn ṣàwàdà. Ó ní, "Oko ń bẹ níbẹ̀. Oko ń retí mi, èmi náà ń retí mọ́tò." Láti ìgbà tó ti ta mọ́tò, kò tíì débẹ̀ rárá. Takisí kì í fẹ́ wọ ọ̀nà oko, tó bá sì wọ̀ ọ́, kì í fẹ́ dúró.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ó ní dókítà ojú ti yẹ òun wò. Dókítà ní kí òun máa wakọ̀ lójú ọ̀sán nìkan, pé ojú náà ṣì máa sin òun fún sáà kan. Mo ní, "Sáà mélòó?" Ó ní, "Kò sọ, èmi náà ò bi í."

Àbẹ̀kẹ́, gbọ́ mi dáadáa. Ọkùnrin yìí fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wọn ilẹ̀ ìlú tí a ń gbé yìí. Jíìpù ìjọba ló ń gùn nínú igbó, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún bí àpótí ìṣó. Ohun kan ṣoṣo tó sọ pé òun fẹ́ kí òun tó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kọ́ sára ògiri ni ọkọ̀ kan tó kúrú nílẹ̀, tó sáré, tó sì dákẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbà láti rà á fún un. Ojú rẹ̀ ṣì ríran. Ohun tí kò ní ni àkókò, àkókò náà ló sì ń ná báyìí lórí ọ̀rọ̀ tí ìwọ sọ.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí o sọ ọ́. Ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ti túká ní Garki, àwọn ọkùnrin dúró lábẹ́ igi máńgòrò bí ìṣe wọn. A máa ń fi ìpàdé jíròrò ọ̀rọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n abẹ́ igi yẹn ni ìpàdé gidi. Ìwọ fi ìròyìn ọkọ̀ náà hàn wọ́n lórí fóònù, àríyànjiyàn sì bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní wọ́n máa yọ ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà kúrò, wọ́n á fi mẹ́rin àti iná sí i. Bàbá Ṣẹ̀gun figbe ta, "Kai! Mẹ́rin kẹ̀? Wọ́n fẹ́ fi ẹsẹ̀ ewúrẹ́ gbé màlúù?" Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ wá fi tirẹ̀ dé e: "Ibo lẹ ti máa fi iná sí i? Ẹ ó ra epo, ẹ ó fi epo tan jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ á fi iná sí mọ́tò, kí mọ́tò má baà jẹ epo."

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo ń wo bí o ti ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín àwọn àgbàlagbà, láìfojú di ẹnikẹ́ni. Nígbà náà ni Bàbá Ṣẹ̀gun bi ọ́ pé, "Ìyàwó mi, ṣé kí n ra èyí tó wà nílẹ̀ ni, àbí kí n dúró?" Ìwọ sì ní, "Ẹ má ra èyí tó wà nílẹ̀, Dádì. Háíbírìdì rẹ̀, èyí tó ń lo epo àti iná, ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ti dájú."

Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn sílẹ̀, mo gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ọkàn mi sì fò. Gbogbo ohun tí o ti sọ ṣáájú rẹ̀ dára. Èyí nìkan ló kọjá ohun tí o mọ̀. Ó yẹ kí n fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà náà. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìgbéraga ọmọ ń pa mí bí ọtí.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn ló kù.

Èkíní. Má fi àwòrán rán aṣọ.

Nígbà tí ìjọba ń kó wa bọ̀ láti Èkó, èmi àti bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni. Wọ́n fi àwòrán irú ilé tí wọ́n máa fún wa ní Garki hàn wá ní ọ́fíìsì. Àwòrán tó dára ni. Igi tó tutù wà níwájú ilé, obìnrin kan gbé báàgì ń rìn lọ lábẹ́ igi náà, mo sì ti gbà lọ́kàn ara mi pé èmi ni obìnrin náà. Mo fi rúlà wọn fèrèsé inú àwòrán, mo ṣírò bó ṣe máa rí tó bá tóbi, mo ra aṣọ kọ́tìnì, mo gbé e fún télọ̀ ní Yábàá. Bàbá rẹ ní, "Jẹ́ ká débẹ̀ ná." Mo ní, "Ṣé ìjọba máa ya ilé tí kò ní kọ́ ni?"

A dé Garki. Wọ́n ti yí iṣẹ́ padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí igi, kò sí obìnrin alábáàgì, fèrèsé sì gùn ju ohun tí mo wọ̀n lọ. Kọ́tìnì mi kò kọjá àárín rẹ̀. Nígbà tí mo fi í kọ́ tán, bàbá rẹ jáde síta, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó wo ilé títí, ó ní, "Ìyàwó, ilé wa wọ ṣòkòtò péńpé." Ohun tí àwọn aládùúgbò ń pè wá títí a fi kúrò níbẹ̀ nìyẹn: ilé oníṣòkòtò. Tí wọ́n bá fẹ́ júwe ọ̀nà fún àlejò, àwa ni àmì.

Mo ti rò ó dáadáa láti ìgbà náà. Ẹni tó ya ilé yẹn kò parọ́. Ohun tó wù ú kó rí ló yà. Èmi ni mo mú ohun tó wu ẹlòmíràn, tí mo gé aṣọ lé e lórí. Àwòrán tó wà lójú fóònù Bàbá Ṣẹ̀gun náà, ìwọ lo sọ fún mi pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló yà á lórí kọ̀ǹpútà ní ìlú òkèèrè, ẹni tí kò bá ilé iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́, tí kò sì tíì fojú kan ọkọ̀ náà. Ṣé o sọ fún Bàbá Ṣẹ̀gun? Ó rò pé fọ́tò ni. Láti òní lọ, àwòrán yòówù tí o bá fi ránṣẹ́ sí oníbàárà, kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tí àgbàlagbà lè kà láìwọ awò: ẹni kan ló rò ó, ẹni kan ló yà á.

Èkejì. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ti ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gá kan wà ní ilé iṣẹ́ wa tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ ní gbogbo ìpàdé. Mo ti mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ orin ìyìn. Ní ọjọ́ kan tí mo fẹ́ tètè lọ sílé, mo kọ ìjábọ̀ ìpàdé sílẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ọ̀gá dìde, ó sọ̀rọ̀ ìyànjú fún ìgbà pípẹ́, ilé sì pàtẹ́wọ́. Ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá dìde, ó fọwọ́ di ọ̀fun, ó ní ikọ́ ń ṣe òun, òun kò ní ọ̀rọ̀ kankan lónìí, ó sì jókòó. Mo wo ìwé iwájú mi, mo wo ọ̀gá, mo wo ìwé. Àtẹ́wọ́ tí mo ti pa fún un kò ṣeé kó padà.

O ti ṣàlàyé fún mi pé ilé iṣẹ́ yìí ti fi bátìrì sí ọkọ̀ wọn mìíràn, pé àwọn ènìyàn ti rí ọkọ̀ àdánwò kan tí wọ́n fi bébà onílà dúdú-funfun wé lójú títì lọ́hùn-ún, àti pé bí ayé ọkọ̀ ti ń lọ, kò sí bí wọn kò ṣe ní ṣe é. Mo gbà. Ẹ̀rí gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa náà ti sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìpàdé kí ikọ́ tó dé.

Nítorí náà, pín ọ̀rọ̀ rẹ. Èyí ni ilé iṣẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Èyí ni ẹni tó fojú rí nǹkan sọ. Èyí ni èmi Títílayọ̀ rò, ìdí tí mo fi rò ó nìyí. Mo ka gbogbo ohun tí o fi ránṣẹ́ sí mi, mo sì fi ìlànà yìí yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí ilé iṣẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nínú rẹ̀ kò ju pé àwọn ń ronú sí ọ̀rọ̀ iná. Kò dá ọdún. Kò dárúkọ orílẹ̀-èdè wa. Gbogbo ìyókù, àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ ló ń bá ara wọn sọ ọ́ títí ó fi dún bí ìròyìn.

Tí obìnrin bá lóyún, àwọn àgbà wa kì í sọ pé ọkùnrin ni, wọn kì í sì sọ ọmọ lórúkọ nínú ìyá rẹ̀. Wọ́n á ní, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Ìrètí kún inú àdúrà yẹn, síbẹ̀ kò ṣèlérí kankan. Bí mo bá ní kí o kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ ohun tó ń bọ̀, ibẹ̀ ni màá ní kí o ti kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta. Má jẹ́ kí ẹ̀rù àṣìsọ gba adùn ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ.

Mi ò ní kí o má rò ó o. Rírò rẹ̀ dùn. Èmi gan-an, láti ìgbà tí o ti fi ọkọ̀ yìí kó sí mi lórí, mo ti ní tèmi tí mo rò, ó sì ti sú bàbá rẹ láti máa gbọ́ ọ. Wò ó bí mo ti rò ó.

Mo rò pé ọ̀nà méjì ni wọ́n máa gbé e gbà. Ọ̀kan á ní ihò tí a ń ki wáyà iná bọ̀; èkejì kò ní ní in, bó bá ti ń sáré tí a sì tẹ búréèkì, agbára tí ìbá ṣòfò á padà sínú bátìrì. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ló máa dé ọ̀dọ̀ wa, mo rò pé aláìníhò ni yóò bá wa gbé. Ìlú wa gbọọrọ, iná tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú pópó pọ̀. Sáré, dúró, sáré, dúró ni gbogbo ọjọ́. Ohun tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fẹ́ jẹ nìyẹn. Oníhò á bá ẹni tó ní iná oòrùn lórí ilé mu. Ẹni tí kò ní in á bọ́ sínú ìṣirò jẹnẹrétọ̀ tí bàbá rẹ ṣe. Mo rò pé bátìrì á jẹ nínú búùtù, ẹni tó ń kó iṣu bọ̀ láti oko sì yẹ kó mọ èyí. Mo rò pé yóò wúwo ju ti ìsinsìnyí lọ, àmọ́ tó bá ń gbéra láti ibi tó dúró sí, ẹni inú rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ó wúwo. Ooru àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn wa, mi ò mọ ohun tó máa fi bátìrì rẹ̀ ṣe. Mo bi Ràṣídì, mẹkáníìkì wa. Ó ní, "Màámi, kó sáà dé ná. Kò sí mọ́tò tí a ò lè tú." Mo ní, "Ṣé ẹ lè tò ó padà?" Ó ní, "Ìyẹn tún lọ́tọ̀."

Ṣé o rí i pé mo ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, adùn rẹ̀ kò sì dín? "Mo rò" kò pa ọ̀rọ̀ mi. Ó kàn jẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ mi mọ ibi tó lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ni. Àti pé máa ro ọkọ̀ láti ibi tí yóò ti rìn. Àwọn tó ń kọ̀wé lókè òkun kò mọ kòtò ọ̀nà Ushafa. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ ti máa yàtọ̀ sí tiwọn, kì í ṣe nínú pé o tètè gbọ́.

Ẹ̀kẹrin, tí í ṣe ìdí tí mo fi kọ̀wé.

Lọ bá Bàbá Ṣẹ̀gun.

Mo ti sọ ọ́ lórí fóònù, o sì dá mi lóhùn pé, "Mọ́mì, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ìgbà tí mo wà ní báńkì mo ní kó dúró. Nísinsìnyí tí mo ń ta mọ́tò, kí n wá ní kó má dúró mọ́? Á rò pé ọjà ni mò ń wá." Lẹ́yìn náà o ní oníbàárà ń pè ọ́, o sì gbé fóònù sílẹ̀. Mi ò bínú. Mo mọ̀ pé ìtìjú ló pè ọ́, kì í ṣe oníbàárà.

Ohun tí o sọ náà mú ọgbọ́n lọ́wọ́. Ẹni yòówù tó bá gbọ́ ọ lè rò bẹ́ẹ̀. Torí náà, má lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ta ọkọ̀. Má gbé ìwé ilé iṣẹ́ yín dání, má wọ aṣọ tó ní orúkọ wọn láyà. Kúnlẹ̀ kí i bí o ti máa ń kí i, kí o sì sọ fún un pé, "Dádì, mo sọ pé ó dájú. Kò dájú. Mo rò ó ni, mo ṣì ń rò ó, ṣùgbọ́n mi ò mọ ọdún tó máa dé, mi ò sì mọ̀ bóyá ó máa dé ọ̀dọ̀ wa." Lẹ́yìn náà sọ fún un pé bó bá wù ú láti ra èyí tó wà nílẹ̀, ìwọ kò ní fọwọ́ kan ọjà náà; kí ẹlòmíràn tà á fún un, bó bá sì fẹ́, kó rà á ní ilé iṣẹ́ mìíràn. Èyí á dùn ọ́ díẹ̀ níbi iṣẹ́. Jẹ́ kó dùn ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ti máa ní ìwọ̀n lójú àwọn ènìyàn nìyẹn, o ó sì jẹ èrè rẹ̀ pẹ́.

Má sọ fún un pé kó rà. Má sì sọ pé kó dúró. Ó lè ní òun á dúró síbẹ̀síbẹ̀, pé ìdúró náà ń dùn mọ́ òun. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ó lè lọ ra èyí tó wà nílẹ̀ ní Mọ́ńdè, kí háíbírìdì sì dé ní Túsìdè. Ìyẹn náà lè ṣẹlẹ̀, a ó jọ fi í rẹ́rìn-ín ni. Ohun tí kò dára ni kí ó máa fi ojú tó kù fún un dúró de ohun tó rò pé o mọ̀.

Ó lè bínú. Mi ò rò pé yóò bínú, ṣùgbọ́n mo rò ó ni. Gbólóhùn kan ní í ba ọ̀ràn jẹ́, gbólóhùn kan náà ní í tún un ṣe. Gbólóhùn tó ń tún un ṣe ló máa ń ṣòroó gbé jáde. Bí ó bá bínú, má ṣàlàyé púpọ̀. Jókòó tì í. Bó bá ní kí o jẹun, jẹ ẹ́. Àgbàlagbà tó bá ṣì ń fún ọ lóúnjẹ kò tíì lé ọ.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ìmọ̀ràn mìíràn wà tí àwọn ìyá máa ń kọ sí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí ibi iṣẹ́ tuntun: kí o tètè dé, kí o bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá, kí o má fi oúnjẹ ọ̀sán dárà. O mọ gbogbo ìyẹn, mo sì gbà pé o máa ṣe é. Ara mi yá, orúnkún bàbá rẹ kò dùn ún mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, ilé tutù. Kò sí ohun tí mo ń bẹ̀rù lórí rẹ. Ẹni tó lè dá àwọn ọkùnrin abẹ́ igi máńgòrò lóhùn lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Mo ti pe Bàbá Ṣẹ̀gun láàárọ̀ yìí. Ó ní ọ̀sán Àìkú, tí òun bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ni kí o wá. Ó bi mí pé kí ni ìyàwó òun fẹ́ bá òun sọ. Mo ní o ń bọ̀ wá sọ ọ́ fúnra rẹ, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ sí ẹnu rẹ.

Èmi ni,
ìyá rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn sí ọ.